Díìsì wo ni kí n rà? Sílíkọ́nì kábáìdì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú oníṣẹ́

Lọ́jọ́ Ajé kan, mo rán ọmọ-iṣẹ́ mi lọ sí Owódé-Onírin pé kó ra díìsì ìgérin mẹ́wàá wá. Géètì oníbàárà kan ní Sùúrùlérè la fẹ́ parí. Nígbà tó dé, ẹ̀rín ló bá wọlé.

"Ọ̀gá, mo rí èyí tó dáa jù rà. Ẹni tó tà á ní ó le ju ti irin lọ, owó rẹ̀ ò sì tó ti tẹ́lẹ̀."

"Mú ọ̀kan wá kí n wò ó."

Mo yí i sójú ìmọ́lẹ̀. Lẹ́tà C ló ṣíwájú nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Díìsì òkúta ni, èyí tí wọ́n ṣe fún gígé òkúta. Mi ò bá a wí; mo ní kó fi gé páìpù onígun mẹ́rin tó wà nílẹ̀. Kó tó gé ẹ̀ẹ̀kẹta tán, díìsì náà ti jẹ wọnú gan-an. Ibi tó gé lára irin ti jóná, ó ti di búlúù. Ọmọ náà ń wo díìsì, ó tún ń wò mí.

Ohun tó mú mi kọ èyí sílẹ̀ ni pé ẹni tó tà á fún un kò purọ́. Ohun tó wà nínú díìsì òkúta le ju ohun tó wà nínú díìsì irin lọ lóòótọ́. Sílíkọ́nì kábáìdì ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ líle nìkan kọ́ ló ń gé irin, ẹni tí kò bá sì mọ èyí á máa ná owó dànù lójoojúmọ́ láìmọ ibi tó ń gbà lọ. Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin onítáìlì, ẹ̀yin tó ń kun mọ́tò, àti ẹ̀yin onílé tí oníṣẹ́ ń kọ orúkọ nǹkan fún pé kí ẹ lọ rà á, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí lẹ fẹ́ gé. Gbogbo ìyókù ń tẹ̀lé èyí ni. Irin, stainless, alumíníọ́mù, táìlì, gíránáìtì, kòǹkéré, igi, ọ̀dà ara mọ́tò: kò sí ohun kan tó bá gbogbo wọn mu, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé tòun ń gé gbogbo nǹkan, ẹ rọra kọjá.

Ìkejì ni owó, àmọ́ kì í ṣe iye tí wọ́n pè é lọ́jà. Iye tó ná yín láti gé ibi kan ni kí ẹ wò. Nínú ìsọ̀ mi, a máa ń fi bírò fa ìlà sára pali díìsì fún gbogbo ìgbà tó bá gé páìpù kan já. Tó bá jẹ tán, a ó ka ìlà, a ó fi pín owó tí a rà á. Ọ̀sẹ̀ kan péré ti tó kí ojú yín là sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín díìsì méjì tí owó wọn jọra.

Ìkẹta ni bóyá ó ṣe é fọkàn tán: ṣé kì í sán, ṣé kì í gbọ̀n, ṣé ó máa ń gé bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Ìkẹrin ni eruku rẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀fóró kò ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á.

Nípa líle, àwọn onímọ̀ òkúta ní òṣùwọ̀n Mohs, tó lọ láti 1 dé 10. Mábù wà ní nǹkan bíi 3, gíránáìtì wà láàárín 6 àti 7, alumíníọ́mù ọ́sáìdì wà ní 9. Sílíkọ́nì kábáìdì ju 9 lọ díẹ̀, dáyámọ́ńdì sì jókòó sórí 10. Ẹ fi èyí sọ́kàn, àmọ́ ẹ má fi ra díìsì.

Sílíkọ́nì kábáìdì

Ará Amẹ́ríkà kan, Edward Acheson, ló rí i lọ́dún 1891 ní Pennsylvania. Dáyámọ́ńdì ló ń wá. Ó po amọ̀ mọ́ èédú kókì lílọ̀, ó sì tan iná mànàmáná tó lágbára sí i. Nígbà tó tutù, ó rí àwọn wóró kéékèèké tó ń dán, tó lè ha dígí. Ó pè é ní Carborundum. Títí dòní, ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe é: yanrìn funfun àti kókì tó wá láti inú epo rọ̀bì ni wọ́n ń kó jọ yí ọ̀pá gíráfáìtì ká, iná á gba inú ọ̀pá náà kọjá, ooru á sì ju ìwọ̀n 2,000 ti Celsius lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á jọ̀ ọ́ bí ẹni ń jọ gàrí, wóró ńlá lọ́tọ̀, wóró kékeré lọ́tọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀. Lára òkúta tó já láti ojú ọ̀run sí Arizona ni Henri Moissan, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti rí i lọ́dún 1893. Òrùka moissanite tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà fún ìyàwó dípò dáyámọ́ńdì, nǹkan kan náà ni.

Oríṣi méjì lẹ ó rí: dúdú àti aláwọ̀ ewé. Aláwọ̀ ewé mọ́ jù, ó sì wọ́n jù. Òun ni òkúta tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀rọ ìpọ́n orí tábìlì láti fi pọ́n ẹnu irinṣẹ́ tọ́ńgísítìn kábáìdì, ohun líle tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu irinṣẹ́ ìgérin. Dúdú ló wà nínú díìsì òkúta tí a ń rà lójoojúmọ́.

Wóró sílíkọ́nì kábáìdì mú bí àfọ́kù ìgò. Tí etí rẹ̀ bá kú, á fọ́, etí tuntun tó mú á sì yọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń gé òkúta, búlọ́ọ̀kù, táìlì, dígí, bàbà, idẹ àti alumíníọ́mù dáadáa. Kí ló wá dé tí irin fi ń jẹ ẹ́? Kábọ́nì, tó wà nínú èédú, àti sílíkọ́nì, tó wà nínú yanrìn, ló para pọ̀ di í, irin gbígbóná sì fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Kábọ́nì ni wọ́n ń pò mọ́ irin kó tó di irin líle. Nígbà tí díìsì bá ń yí lórí irin, ojú ibi tí wọ́n ti kan ara á gbóná janjan. Irin á bẹ̀rẹ̀ sí í fa kábọ́nì kúrò lára wóró náà, bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú ọbẹ̀ tó ń hó. Etí tó mú á di róbótó. Ohun tó ṣe díìsì tí ọmọ-iṣẹ́ mi rà nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Irin dídà (cast iron), irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bílọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì àti dírọ́ọ̀mù bíréèkì, kì í ṣe sílíkọ́nì kábáìdì níbi tó bẹ́ẹ̀. Irin dídà ti yó fún kábọ́nì tẹ́lẹ̀, kò wá òmíràn mọ́. Ó sì máa ń já wẹ́wẹ́, kì í fà gùn. Nítorí náà, ẹ̀yin mẹkáníìkì ní Ládípọ̀ tí ẹ ń fá ojú irin dídà, sílíkọ́nì kábáìdì ò ní já yín kulẹ̀.

Lórí owó, díìsì òkúta kò wọ́n. Fún ẹni tó fẹ́ la ihò wáyà sára ògiri yàrá kan, tàbí tó fẹ́ gé táìlì bíi márùn-ún, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó ra ohun mìíràn. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń yára kéré, eruku rẹ̀ sì pọ̀. Bí díìsì bá ṣe ń kéré ni jíjìn tó lè gé ń dín kù, nítorí náà iṣẹ́ tó nípọn kò yẹ ẹ́.

Alumíníọ́mù ọ́sáìdì

Lẹ́tà rẹ̀ ni A. Òkúta bọ́sáìtì, tí wọ́n ń yọ alumíníọ́mù nínú rẹ̀, ni wọ́n ń yọ́ nínú iná mànàmáná títí yóò fi di wóró líle. Kò le tó sílíkọ́nì kábáìdì, àmọ́ ó yi, kì í tètè fọ́, irin kò sì rí nǹkan fà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tirẹ̀ ló kún Owódé-Onírin. Ẹni tó bá ń ṣe géètì, irin ojú fèrèsé, àga irin, òrùlé onírin, òun ni kó rà, kó má sì ronú méjì.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ra èyí tó tín-ín-rín fún páìpù àti irin fẹ́lẹ́. Èyí tó jẹ́ mílímítà kan péré máa ń gé kíákíá, kì í jó irin, ẹnu rẹ̀ kì í sì í fi ẹ̀gún púpọ̀ sílẹ̀ tí ẹ ó tún máa fá. Ó máa ń tètè tán lóòótọ́, àmọ́ àkókò náà owó ni, epo jẹnẹrétọ̀ náà owó ni. Èyí tó nípọn ni kí ẹ fi fá ojú ibi tí ẹ jó. Ẹ má ṣe fi díìsì ìgé fá nǹkan láé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò lágbára, ibẹ̀ ló ti ń sán.

Fún stainless, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ INOX sí. Díìsì irin lásán lè fi irin wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lójú stainless, díìsì tí ẹ ti fi gé irin dúdú sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ìkòyí àti Victoria Island, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ń fi iyọ̀ kan gbogbo nǹkan, kì í pẹ́ tí ìpẹtà kéékèèké fi máa ń yọ lára irin ọwọ́ àtẹ̀gùn tí ẹ ṣe. Oníbàárà á ní stainless ayédèrú lẹ rà fún òun, bẹ́ẹ̀ díìsì ló ṣe é.

Sìkóníà

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Alumíníọ́mù ọ́sáìdì tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ sìkóníà, ìyẹn ọ́sáìdì zirconium, ni, ẹ ó rí i jù lọ lára díìsì tí wọ́n ń pè ní flap disc, èyí tí sáńdípépà gbé ara lé ara bí ìyẹ́ adìyẹ. Ó wọ́n ju alumíníọ́mù ọ́sáìdì lásán lọ, àmọ́ ó pẹ́ kó tó kú. Kìkì pé ó fẹ́ ọwọ́ tó wúwo: tí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, wóró rẹ̀ kò ní fọ́ láti yọ etí tuntun, á kàn máa dán lórí irin ni. Wẹ́dà tó ń fá ojú iṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ ni kó rà á. Ẹni tó ń fá nǹkan lẹ́ẹ̀kan lóṣù, owó rẹ̀ kò ní padà.

Dáyámọ́ńdì

Dáyámọ́ńdì inú díìsì kì í ṣe ti inú ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà ló ṣe tọwọ́dá lọ́dún 1954, láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè rà. Ara díìsì náà irin ni; etí rẹ̀ nìkan ni wóró dáyámọ́ńdì wà. Nítorí náà kì í kéré bíi ti òkúta, bó ṣe ń gé jìn lónìí náà ni á ṣe gé jìn títí etí yẹn á fi tán.

Fún gíránáìtì, fún táìlì pọ́sílẹ́ènì líle, fún kòǹkéré, mi ò rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wọ́n, ọ̀kan lè gba owó díìsì òkúta mélòó kan. Àmọ́ ẹ fa ìlà sára pali bí mo ṣe sọ, ẹ ó rí i. Ẹni tó ń to táìlì fún ilé odidi, tó ń ra díìsì òkúta lójoojúmọ́ ní Orílé, ti ra dáyámọ́ńdì láìmọ̀. Kò kàn ní in lọ́wọ́ ni. Èyí tí etí rẹ̀ pé, tí kò ní àlàfo, ni kí ẹ fi gé táìlì, kí ẹ sì máa da omi sí i. Èyí tí etí rẹ̀ pín bí eyín ni ti kòǹkéré àti búlọ́ọ̀kù. Àlàfo yẹn ń gba afẹ́fẹ́ wọlé kó lè tutù. Tí ẹ bá ń gé ní gbígbẹ, ẹ máa gbé e sókè lóòrèkóòrè kó yí lásán kó fi mí.

Ẹ má fi gé irin. Kábọ́nì ni dáyámọ́ńdì látòkèdélẹ̀, ohun tó ṣe sílíkọ́nì kábáìdì á ṣe òun náà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ onítáìlì kò mọ̀, tó ń mú kí wọ́n ju díìsì tó ṣì dára nù. Tí díìsì dáyámọ́ńdì bá ti pẹ́ lórí gíránáìtì líle, etí rẹ̀ lè di dídán, kó má gé mọ́, kó kàn máa pariwo. Dáyámọ́ńdì ṣì wà nínú rẹ̀. Irin tó dì í mú ló bò ó. Ẹ fi gé búlọ́ọ̀kù oníyanrìn ní ìgbà mélòó kan, tàbí òkúta sílíkọ́nì kábáìdì, irin náà á jẹ, dáyámọ́ńdì á yọjú, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ka ara díìsì kí ẹ tó sanwó

Àárín díìsì tí wọ́n fi àtè lẹ wóró rẹ̀ pọ̀ ní òrùka irin kan. Ẹ wo ara rẹ̀: oṣù àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni ìgbà tí ó yẹ kó kúrò lọ́jà, ọdún mẹ́ta ni lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é. Àtè tó so wóró pọ̀ máa ń gbó, ọ̀rinrin Èkó ò sì ràn án lọ́wọ́. Mo ti rí èyí tó ti kọjá ọdún méjì tí wọ́n nù mọ́, tí wọ́n sì tò sójú àtẹ bíi tuntun.

Ẹ tún wo iye ìgbà tó lè yí ní ìṣẹ́jú kan. Díìsì kékeré, 115 mílímítà, lè gba nǹkan bíi 13,300. Ńlá, 230 mílímítà, kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bíi 6,600. Ní òpin yẹn, etí díìsì ń sáré 80 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 288 kìlómítà ní wákàtí. Kò sí mọ́tò tó ń sá bẹ́ẹ̀ lórí afárá Third Mainland. Nígbà tí mo bá wá rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó yọ irin ààbò ara ẹ̀rọ kékeré kúrò, tó sì de díìsì ńlá mọ́ ọn kó lè gé jìn, àyà mi máa ń já. Ẹ̀rọ kékeré ń yí ju ohun tí díìsì yẹn lè gbà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ-iṣẹ́ yín ṣe é.

Eruku náà ńkọ́? Eruku irin burú, àmọ́ ti gíránáìtì, táìlì àti búlọ́ọ̀kù ló ń bà mí lẹ́rù jù. Sílíkà, ohun kan náà tó wà nínú yanrìn, ló wà nínú wọn, wóró rẹ̀ tó kéré jù ni ojú kò rí, òun ló sì ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró tí kì í jáde mọ́. Àìsàn tó ń fà, silicosis, kò ní ìwòsàn. Òkúta àtọwọ́dá kúọ́tísì tí wọ́n ń fi ṣe orí tábìlì ìdáná lè ní sílíkà tó ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí rẹ̀ ni orílẹ̀-èdè Ọsirélíà ṣe fòfin dè é láti oṣù Keje 2024. Omi ni kí ẹ fi gé òkúta, lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún omi. Aṣọ tí ẹ fi di imú kò dá sílíkà dúró. Ìbòmú N95 ni ó kéré tán.

Sáńdípépà

Ìjà kan náà ló wà níbí, àmọ́ ó rọ̀. Pépà dúdú tí wọ́n ń fi omi lò, sílíkọ́nì kábáìdì ló wà lára rẹ̀; ilé-iṣẹ́ 3M ló gbé e jáde lọ́dún 1921, àwọn tó ń kun mọ́tò ló sì kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Omi ń gbé ọ̀dà tó rẹ́ lọ, kò jẹ́ kó dí ojú pépà. Ẹ̀yin tó ń kun mọ́tò ní Mushin, òun ni tiyín. Bí nọ́ńbà ẹ̀yìn pépà bá ṣe ga tó ni wóró rẹ̀ ṣe kúnná tó: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1000, ẹ lọ sí 1500, ẹ lọ sí 2000 kí ẹ tó fi ìdán sí i. Ẹ má fo ìkankan, ìlà tí 1000 fà, 2000 kò lè pa á rẹ́.

Káfíńtà ní tirẹ̀, alumíníọ́mù ọ́sáìdì ni kó mú. Sílíkọ́nì kábáìdì ń gé igi, àmọ́ etí rẹ̀ ń tètè fọ́, igi kò sì nílò mímú tó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ìkùn fánísì kan sí òmíràn, ó lè padà sí pépà dúdú.

Ta ni kó ra èwo?

Wẹ́dà onígéètì: A, tín-ín-rín fún ìgé, nípọn fún fífá, tí iṣẹ́ bá pọ̀ kí ó fi sìkóníà kún un. Oní-stainless: INOX, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀. Onítáìlì tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ lójoojúmọ́ àti ẹni tó ń gé gíránáìtì: dáyámọ́ńdì àti omi. Ẹni tó ń pọ́n ẹnu irinṣẹ́ tọ́ńgísítìn kábáìdì: òkúta aláwọ̀ ewé.

Ẹni tó ń yọ́ alumíníọ́mù fi da ìkòkò, tí agbada ìyọ́rin rẹ̀ ń tètè sán, kí ó béèrè èyí tí wọ́n fi sílíkọ́nì kábáìdì àti gíráfáìtì ṣe. Ooru ń gba inú rẹ̀ kọjá kíákíá, kì í sì í wú púpọ̀ tó bá gbóná, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó tètè sán.

Ẹni tó ní pọ́ǹpù bóhóòlù tó ń fa yanrìn: tí síìlì rẹ̀, ojú méjì tó ń fara kan ara tí kì í jẹ́ kí omi jò, bá bàjẹ́, kí ó bi oníṣẹ́ bóyá ó lè rí èyí tí ojú méjèèjì jẹ́ sílíkọ́nì kábáìdì. Yanrìn kì í yára jẹ ẹ́. Àmọ́ tí omi bá máa ń tán lábẹ́ pọ́ǹpù yín, tí ó ń yí ní gbígbẹ, kí ojú kan jẹ́ kábọ́nì. Sílíkọ́nì kábáìdì méjì tó bá ń fara ra ara láìsí omi á gbóná, á sì sán.

Ẹni tó kàn fẹ́ gé ògiri níbi mélòó kan nínú ilé rẹ̀: díìsì C lásán ti tó. Ẹ̀yin ìyá tí ọ̀bẹ ìdáná yín ti kú, òkúta ìpọ́nbẹ olójú méjì tí wọ́n ń tà ní ọjà, tó dúdú tàbí eérú, sílíkọ́nì kábáìdì ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi títí kò fi ní máa ta fóòmù mọ́, ojú tó rí ṣákiṣàki ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, ojú tó kúnná tẹ̀lé e. Ẹ máa pọ́n ọn lójú kọ̀ọ̀kan títí á fi lè gé tòmátò láì tẹ̀ ẹ́ fọ́.